Pẹ́ẹ̀gì steel guitar àtijọ́ ti jẹ: ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ni?

Onígìtá Òkèlẹ́rin (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lap steel kan wà lọ́wọ́ mi, olókùn mẹ́fà, irú èyí tí a ń tẹ́ sórí itan, tí a ń fi irin gbá lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín kí wọ́n tó fi í lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi ṣeré jùjú títí, lẹ́yìn náà ó wọnú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé, mo rí "Kluson" (orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe pẹ́ẹ̀gì) lára irin tó bo jíà àwọn pẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ohun tí a fi ń túùnù okùn.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Pẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta-mẹ́ta sì wà lórí irin pẹlẹbẹ kan. Orí ike tí a fi ń yí wọn ti sún kì, wọ́n ti ya, ọ̀kan tiẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti fẹ́ yí i. Píláyà ni mo fi ń yí ìyẹn báyìí. Èyí tó wá burú jù ni okùn kẹta. Màá túùnù rẹ̀ tán nílé, kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ó ti wálẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé steel kì í ṣe gìtá tí a ń fi ìka tẹ̀, tí ìka lè bá a bo àṣírí díẹ̀. Irin kan náà ló gun gbogbo okùn lórí. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, kọ́ọ̀dù bàjẹ́ nìyẹn, àwọn akọrin á wá máa wẹ̀yìn wò mí.

Ọ̀gá kan tó ń ta ohun èlò orin ní kí n jẹ́ kí òun yọ gbogbo rẹ̀, kí òun lu ihò náà tóbi sí i, kí òun fi pẹ́ẹ̀gì ìgbàlódé síbẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Bàbá tó ni gìtá ṣì wà láyé, wọ́n sì máa ń ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Ta ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nínú yín? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa pààrọ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n èyí tí màá rà?

Bọ̀dá Ìlù

Ẹ yọ ọ́ dànù jàre! Pẹ́ẹ̀gì tuntun ló wà lára gìtá tèmi, èyí tí jíà rẹ̀ wà nínú ilé irin tó dì pa, 18 sí 1 (ẹ ó yí orí rẹ̀ nígbà 18 kí òpó okùn tó yí po lẹ́ẹ̀kan), ó sì dúró gbọin. Mìlímítà 10 ni ihò tó ń lò. Káfíńtà tó bá ní díríìlì á parí ẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti fẹ́ràn àtijọ́ jù 😀

Bàbá Onímáṣíìnì (Ọ̀yọ́)

Bọ̀dá Ìlù, ẹ rọra o. Ẹ jẹ́ kí díríìlì sinmi ná. Igi tí a bá ti gbẹ́ kúrò lójú ihò, ta ni yóò dá a padà?

Ìwọ ọmọ Òkèlẹ́rin, o káre tí o béèrè. Máṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe níbí ní Owódé, gìtá ni mo fi ń najú, àwọn eléré sì máa ń gbé èyí tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu wá torí wọ́n mọ̀ pé jíà kékeré kì í bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé pẹ́ẹ̀gì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Orí ike wà níbẹ̀, òun ni ọwọ́ ń dì mú. Ọ̀pá tín-ín-rín kan gba inú orí náà kọjá, ó ní ẹsẹ̀ síkúrù lára, ẹsẹ̀ yẹn ló ń yí jíà. Jíà wà nídìí òpó tí okùn wé mọ́. Bọ́ọ̀ṣì sì wà lójú ihò lókè tó ń di òpó mú kó má mì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbó. Èyí tó rún sí ọ lọ́wọ́ yẹn, orí ni, kò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa jíà. Mo ti rí èyí tí orí rẹ̀ ti tán pátá tí eyín jíà rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá. Ẹni tó bá rí orí ike tó fọ́, tó sì ní kí o pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọjà ló fẹ́ tà.

Ike ayé ìgbà yẹn máa ń sún kì bó bá ti pẹ́. Lẹ́yìn náà á ya, á rún, á sì máa tú atẹ́gùn kíkan kan jáde tó ń mú kí irin tó wà nítòsí rẹ̀ dípẹtà. Ìyẹn ni o fi máa rí i pé ọ̀pá tó wà nínú orí tó fọ́ máa ń ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lára. Ha á kúrò. Má sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ike náà, torí irú selulóìdì kan wà nínú wọn tó ń gbiná wàrà.

Wàyí o, okùn kẹta. Kí o tó dá pẹ́ẹ̀gì lẹ́bi, ṣe ìdánwò yìí. Dẹ okùn náà, yọ ọ́ kúrò. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di orí òpó mú, mì ín síwá sẹ́yìn. Bó bá ń jó nínú ihò, bọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ tàbí tó ti tú. Bí kò bá jó, fi bírò fa ìlà kékeré sórí òpó, kí ìlà náà kan ojú bọ́ọ̀ṣì, kí o lè rí i bí wọ́n bá yà síra. Rọra yí pẹ́ẹ̀gì títí òpó á fi ṣí nípò, dúró, kí o wá yí i padà sẹ́yìn. Wo bí ọwọ́ rẹ ṣe máa rìn tó kí ìlà yẹn tó tún gbéra. Díẹ̀ kò burú, àtijọ́ ni. Bó bá ti ń lọ sí ààbọ̀ ìyípo, tí òpó kò mì rárá, eyín ti jẹ.

Lẹ́yìn náà fi okùn padà, túùnù rẹ̀, fa ìlà tuntun, kí o sì fi gìtá sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ohùn bá wálẹ̀ tí ìlà sì ṣí, pẹ́ẹ̀gì ló yẹ̀. Bí ohùn bá wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìlà wà níbi tó wà, pẹ́ẹ̀gì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Okùn lo máa lọ wò: ṣé o wé e dáadáa? Okùn tó nípọn, ìwé méjì tó o. Èyí tó tín-ín-rín, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìkejì wà lábẹ́ ìkíní, kí wọ́n má gun ara wọn. Okùn tuntun náà máa ń nà. Fi ọwọ́ fà á sókè níwọ̀nba lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí o tún un túùnù. Wo irin tí okùn gùn lórí nítòsí orí gìtá pẹ̀lú. Bí ihò okùn lára rẹ̀ bá há, wàá gbọ́ "tín" nígbà tí o bá ń yí, ohùn á sì fò dípò kó máa gòkè wẹ́rẹ́. Dúdú inú pẹ́ńsù ni kí o fi ra ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe. Bí o bá fa okùn kọjá ohùn tó o fẹ́, má kàn dá a padà sí i. Sọ ọ́ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, kí o wá fà á gòkè bá ohùn náà. Nígbà yẹn ni eyín jíà á fara ti ẹsẹ̀ síkúrù. Bí o bá tòkè wá, àlàfo ṣì wà láàárín wọn, okùn á sì fa jíà gba inú àlàfo yẹn nígbà tí o bá ń lù ú lọ́wọ́.

Wo síkúrù wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó di irin pẹlẹbẹ mọ́ igi pẹ̀lú. Ọyẹ́ ń mú igi sún kì níhìn-ín lọ́dọọdún, síkúrù á sì tú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Lábù LAUTECH

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwọ̀n kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Bọ̀dá Òkèlẹ́rin, bó bá di pé ẹ máa ra nǹkan, ẹ má fi rúlà ìwé wọ̀n ọ́n. Ẹ wá kálípà, irin ìwọ̀n tó ń fi ẹnu méjì há nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ wọn bí òpó ṣe nípọn: ti Kluson àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, ìyẹn mìlímítà 6.35. Bọ́ọ̀ṣì tó yí i ká, ihò rẹ̀ nínú igi máa ń sún mọ́ mìlímítà 8.7. Èyí tí Bọ̀dá Ìlù ń sọ, 10 ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí wọ́n lu igi.

Lẹ́yìn náà, torí pé òpó mẹ́ta ló wà lórí irin kan, ẹ wọn láti àárín òpó àkọ́kọ́ dé àárín ìkejì, láti ìkejì dé ìkẹta, kí ẹ sì tún wọn láti àkọ́kọ́ dé ìkẹta ní tààrà. Àṣìṣe kékeré nínú méjì àkọ́kọ́ á hàn nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn. Bí ti tuntun bá fi mìlímítà kan péré yàtọ̀, kò ní wọlé, àfi kí ẹ fi agbára tì í, àwọn òpó á sì máa fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọn bí òpó ṣe ga yọ lókè igi náà. Orí lap steel mìíràn nípọn ju ti gìtá lásán lọ, òpó tó kúrú kò ní ráyè fún okùn. Àlàfo tó wà láàárín ihò síkúrù náà ṣe pàtàkì.

Ọ̀tún kì í ṣe òsì o. Bí wọ́n bá ní "mẹ́ta-mẹ́ta", ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló wà nínú páálí kí ẹ tó sanwó.

Ìyá Akọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún èmi aláìmọ̀kan. Ṣé irú gìtá yìí náà ni ti King Sunny Adé, èyí tó máa ń ké bí ẹni tó ń sunkún yẹn?

Bàbá Onímáṣíìnì (Ọ̀yọ́)

Ìyá, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Sunny, pedal steel ni, Demola Adepoju ló ń lù ú nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà tí orin wọn gba òkè òkun kan láàárín 1980 sí 1989. Ìyẹn dúró lórí ẹsẹ̀, okùn rẹ̀ máa ń tó mẹ́wàá, ó ní pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti irin tí orúnkún ń tì, tó ń fa okùn láti ìdí òdìkejì. Bí ohùn bá yẹ̀ lára irú ìyẹn, ó lè jẹ́ àwọn irin abẹ́ rẹ̀ ló fà á, pẹ́ẹ̀gì lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ti ọmọ wa yìí kò ní pẹ́dàlì. Okùn, irin ọwọ́ àti pẹ́ẹ̀gì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà pẹ́ẹ̀gì ló ń gba gbogbo ìyà, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń yí ohùn padà láàárín eré, láti C6 bọ́ sí E gbalasa (ọ̀nà méjì tí a ń gbà túùnù okùn), kó tún dá a padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á ti ṣe bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Àwọn eléré ìgbà yẹn kì í gbé gìtá méjì lọ sóde.

Onígìtá Òkèlẹ́rin (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Òpó márùn-ún kò mì, ìlà wọn kò sì ṣí. Okùn kìíní àti ìkejì tí mo rò pé wọ́n ń yẹ̀, wíwé ló burú. Wọ́n ti dúró báyìí. Ìkẹta nìkan ni ìlà rẹ̀ kúrò nípò. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po kí òpó tó gbéra.

Mo rọra ṣí ìdérí irin rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní etí kéékèèké tí wọ́n ká mọ́lẹ̀. Mo gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Eyín jíà náà ti tẹ́ lápá kan, ó ń dán, àwọn tó kù ṣì gún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní okùn yẹn gan-an ni àwọn máa ń yí jù. Ní ti ìwọ̀n, òpó jẹ́ 6.3 lórí kálípà, ó bá ohun tí Lábù LAUTECH sọ mu.

Ẹnì kan níbí ní kí n gbé jíà náà lọ fún alágbẹ̀dẹ kó rọ òmíràn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Onímáṣíìnì (Ọ̀yọ́)

Alágbẹ̀dẹ kọ́. Eyín jíà gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ síkúrù ọ̀pá yẹn mu, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe dagun. Èyí tí a bá fi fáìlì ya lójú á jẹ ọ̀pá náà tán, wàá wá ní méjì tó bàjẹ́. Má sì máa ṣí etí ìdérí yẹn kí o tún máa pa á dé. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a bá ká a sókè sódò ju bó ṣe yẹ lọ, á kán.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí o bá rí pẹ́ẹ̀gì Kluson àlòkù kan tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe déédéé, jíà rẹ̀ ni kí o yọ, kí ìrísí gìtá má yí padà. Bí kò bá sí, ra irin pẹlẹbẹ tuntun olópòó mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ Kluson tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1925 ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gba orúkọ náà, wọ́n sì ń ṣe irú àtijọ́ jáde. Òpó 6.35 ni kí o béèrè. Díríìlì kò ní kan igi. Èmi ò ní pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì tí ara rẹ̀ dá.

Yíyọ síkúrù ni ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí náà fara balẹ̀ síbẹ̀. Síkúrù wọ̀nyẹn rọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ìpẹtà ti mú wọn. Orí síkúrúdíráfà gbọ́dọ̀ kún ojú rẹ̀ dáadáa. Bó bá kọ̀, má fi ipá mú un, á kán sínú igi. Fi ẹnu áyọ́ọ̀nù àwọn tó ń tún rédíò ṣe kan orí síkúrù náà fún ìgbà díẹ̀ kó gbóná, jẹ́ kó tutù, kí o wá gbìyànjú: yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, á máa tú. Má da epo sí i. Epo á wọ inú igi, gọ́ọ̀mù kò sì ní mú níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí o bá ń dá síkúrù padà, fi àbẹ́là ra ara rẹ̀. Gbé e sójú ihò, kí o kọ́kọ́ yí i SẸ́YÌN pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí wàá fi gbọ́ tàbí mọ̀ ọ́n lára pé ó já "kọ́" sílẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kí o yí i síwájú. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tuntun ni síkúrù máa là, ihò á sì gbòòrò. Bí ihò kan bá ti gbòòrò tẹ́lẹ̀, ki igi ìtayín tí o ti fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà pa bọ̀ ọ́, gé e kó dọ́gba, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Èyí tí kò bàjẹ́, yọ irin rẹ̀ kúrò lára gìtá, kí o fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ jíà rẹ̀. Má jẹ́ kí kẹrosíìnì kan ike. Nù ún gbẹ, kán epo máṣíìnì ẹyọ kan sí i. Ihò kékeré tó wà lára ìdérí yẹn, ìdí tí wọ́n fi dá a sí i nìyẹn.

Ní ti orí ike, wọ́n ń ta orí nìkan lọ́tọ̀. Ẹnu ọ̀pá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ẹ̀kẹ̀, ìyẹn ojú gígé kéékèèké, lára. Àwọn kan á fi áyọ́ọ̀nù mú ọ̀pá gbóná, wọ́n á ti orí tuntun wọ̀ ọ́ títí ike á fi yọ́ mú ẹ̀kẹ̀ yẹn. Ó dára, bí ọwọ́ rẹ bá tọ́. Bó bá wọ́, wíwọ́ ló máa wà. Gọ́ọ̀mù oníméjì tí a ń pò pọ̀ ni èmi fẹ́ràn, torí àyè wà láti tún un tọ́ kó tó gbẹ. Tàbí kí o fi ìwo màlúù ṣe é. Ẹnìkan wà níbí tó ń gbẹ́ ìwo, ó ti bá mi gbẹ́ irú rẹ̀ rí, ó sì lẹ́wà ju ike lọ. Ṣùgbọ́n orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa jẹ́, kí wọ́n lè bára mu.

Ya fọ́tò ẹ̀yìn gìtá náà kí o tó tú ohunkóhun. Gbogbo irin tó o bá yọ, kó o sínú ọ̀rá kan, kí o tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí gìtá. Bàbá tó ni ín á fẹ́ rí i.

Onígìtá Òkèlẹ́rin (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìwo màlúù ni mo fẹ́, Bàbá! Ọ̀la ni màá fi ọ̀kan nínú orí tó kù tí kò tíì fọ́ ránṣẹ́ sí yín láti gáréèjì, kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ lè fi wo bó ṣe rí. Nọ́ńbà yín ni màá kọ sára rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Bọ̀dá Ìlù

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Gìtá kejì tí mo rà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti lu orí rẹ̀ di 10 kó tó dọ́wọ́ mi. Ṣé òpó àtijọ́ tún lè jókòó síbẹ̀?

Bàbá Onímáṣíìnì (Ọ̀yọ́)

Ó lè jókòó. Bọ́ọ̀ṣì kan wà tí ìta rẹ̀ gba 10, tí inú rẹ̀ gba 6.35, tìtorí irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ wọn ihò yín kí ẹ tó rà á, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó lu 10 ló lu 10.